Yunifásítì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde Juneteenth: ọlidé ta ni?

Àjàní_Ohio · Ọjọ́rú, 15 Okúdù 2022

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Òní ni ààrẹ yunifásítì tí mo ti ń ṣe PhD kọ̀wé sí gbogbo wa pé láti ọdún yìí lọ, ilé ẹ̀kọ́ yóò máa ti ìlẹ̀kùn ní ọjọ́ Juneteenth, 19 Okúdù tí wọ́n fi ń rántí òmìnira àwọn ẹrú ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 19 bọ́ sí, nítorí náà Ajé ni ọlidé. Ìwé náà gùn, ó sì dùn ún kà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kà á tán, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Nínú oṣù Okúdù, tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé tán?"

Èmi ò kọ ọlidé o. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń gbálẹ̀ láàbù wa ní òun á wá lọ́jọ́ Ajé. Agbaṣẹ́ṣe ló gbà wọ́n síṣẹ́, kì í ṣe yunifásítì. Ẹni tí kò bá wá, owó ọjọ́ yẹn ti lọ nìyẹn. Adúláwọ̀ ni ìyá yìí, Georgia làwọn òbí rẹ̀ ti ṣí wá.

Ìbéèrè mi fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí: ojú wo lẹ fi ń wo ọjọ́ yìí? Ṣé ó kan àwa tá a wá láti ilé? Àbí kí n kàn gbálé kí n sùn?

KòSíÌyọnu

Ọlidé, ọlidé ni. Sùn.

ÌyáÌbejì_Houston

Àjàní ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ìwé. Ní Texas níbí, kì í ṣe nǹkan tuntun rárá. Láti 1980 ni ìpínlẹ̀ yìí ti sọ ọ́ di ọlidé, ọdún 41 kí Biden tó buwọ́ lu ti gbogbo Amẹ́ríkà ní 17 Okúdù ọdún tó kọjá. Àwọn adúláwọ̀ ibí sì ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba kankan tó dá sí i.

Tó o bá wá sí Houston, ní kí wọ́n mú ẹ lọ sí Emancipation Park ní Third Ward. Ní 1872, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lóko ẹrú dáwó jọ, pásítọ̀ Jack Yates wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, wọ́n ra éékà ilẹ̀ mẹ́wàá kí wọ́n lè ríbi ṣọdún tí ẹnikẹ́ni ò ní lé wọn. Ẹ wá gbọ́ èyí: títí di 2017, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn tó jagun fáwọn olówó ẹrú ni òpópónà tó gba iwájú páàkì yẹn ń jẹ́, Dowling Street. Ẹni tó ń lọ ṣọdún òmìnira á kọ́kọ́ gba títì Dowling kọjá! Emancipation Avenue ló ń jẹ́ báyìí.

Lọ́jọ́ náà, èéfín ẹran yíyan á gba gbogbo àdúgbò. Nǹkan pupa ló máa ń pọ̀ lórí tábìlì: ọtí ẹlẹ́rìndòdò pupa, wọ́tamẹ́lọ́nì, kéèkì pupa. Ìyá àgbà kan tá a jọ ń gbé àdúgbò sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ àwọn tó kú sóko ẹrú ló dúró fún. Ó sọ ọ́ tán, ó tún bu omi pupa kún ife mi.

Ọdún méjì ààbọ̀ gbáko làwọn èèyàn yìí fi ṣẹrú lásán torí pé ìròyìn ò tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó máa ń dùn mí.

Olùkọ́_Ìtàn

Ẹ̀yin màmá, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, ẹ má bínú. Gbogbo ayé ló ń sọ pé ìròyìn ni ò dé, bẹ́ẹ̀ ìròyìn dé. Ọjọ́ 1 Ṣẹ́rẹ́ 1863, láàárín ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ni ìwé òmìnira tí Ààrẹ Lincoln kọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn olówó ẹrú ní Texas gbọ́, ọ̀pọ̀ àwọn ẹrú náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ara wọn. Ọmọ ogun tó máa mú un ṣẹ ni ò sí. Texas jìnnà sójú ogun débi pé àwọn olówó láti Louisiana àti Mississippi ń kó ẹrú wọn sá wá síbẹ̀, kọ́wọ́ ọmọ ogun Lincoln má bàa tó wọn. Ọ̀gágun Lee, tó ń jagun fáwọn olówó ẹrú, túúbá ní 9 Igbe 1865, wọ́n yìnbọn fún Lincoln lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, síbẹ̀ iṣẹ́ oko òwú ń lọ ní Texas bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nǹkan bí 250,000 èèyàn ló ṣì wà lẹ́rú níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gágun Gordon Granger dé Galveston, tó gbé Àṣẹ Kẹta jáde ní 19 Okúdù. Àwọn tó di èèyàn mú mọ ohun tí òfin wí. Wọ́n fẹ́ rí ìkórè kan sí i kó sápò ni.

Ẹ tún wá ka àṣẹ náà dé ìsàlẹ̀, ibi tí wọn kì í kà sétígbọ̀ọ́ aráyé. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: gbogbo ẹrú ti dòmìnira, ẹ̀tọ́ wọn àti tàwọn olówó wọn dọ́gba, ohun tó kù láàárín wọn ò ju ti agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ló wá gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dòmìnira nímọ̀ràn pé kí wọ́n rọra jókòó síbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ gbowó. Pé àwọn ológun ò ní gbà kí wọ́n wá kóra jọ sí bárékè, àti pé ẹnikẹ́ni ò ní bọ́ wọn nínú ìmẹ́lẹ́. Ìmẹ́lẹ́! Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ láti kékeré láìgba kọ́bọ̀.

Àjàní, ìyá tó ń gbálẹ̀ láàbù yín, abẹ́ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣì wà.

Ká má sì gbàgbé, Texas kọ́ nìpẹ̀kun. Kentucky àti Delaware ò dá ẹrú sílẹ̀ títí àtúnṣe ìwé òfin Amẹ́ríkà tó fòpin sí ẹrú fi di òfin ní 6 Ọ̀pẹ 1865. Ìyẹn náà fi àlàfo kan sílẹ̀: ẹni tílé ẹjọ́ bá dá lẹ́bi, wọ́n ṣì lè fipá mú un ṣiṣẹ́.

Ọmọ_Badagry

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ jẹ́ ká bára wa sòótọ́. Ta ló kó wọn dé etí òkun? Nílùú wa níbí, ilé Séríkí Abass ṣì wà lórí ìdúró, pẹ̀lú àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń há èèyàn mọ́. Àlejò ń sanwó wọbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣẹrú rí kó tó di ẹni tó ń tà wọ́n. Kòsọ́kọ́ ta ẹrú. Madam Tinúbú tí gbàgede ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ l'Ékòó, ó ta ẹrú. Ká wá jókòó sí Ohio ká máa pe Juneteenth ní tiwa? Ṣé ọmọ ẹni tó tajà ló máa bá ọmọ ọjà ṣọ̀fọ̀?

KòSíÌyọnu

Ó ti dé o 😂 Mo ní kẹ́ ẹ sùn.

Àdùkẹ́_Mobile

Ọmọ Badagry, mo gbọ́ yín. Mobile, ní Alabama, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ níbí.

Láti 1808 ni òfin ti ka kíkó ẹrú wọ Amẹ́ríkà léèwọ̀. Ní 1860, ọlọ́rọ̀ kan nílùú yìí, Timothy Meaher, tún rán ọkọ̀ Clotilda lọ sí Ouidah, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ òde òní. Ọ̀gákọ̀ William Foster ra èèyàn lọ́wọ́ ọba Dàhọ̀mì, ó kó nǹkan bí 110 wọlé lóru, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Púpọ̀ nínú wọn, èdè wa ni wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ ò sí. Wọ́n bá ra ilẹ̀, lára rẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Meaher kan náà, wọ́n sì tẹ Africatown dó. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lọ síṣẹ́. 2019 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ti rí àwókù ọkọ̀ náà nínú odò.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ọkọ̀ yẹn tó ń jẹ́ Àbàkẹ́. Ọmọ ọdún méjì! Wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àtàwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Wọ́n ta méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n náà síbòmíràn, wọn ò fojú kàn wọ́n mọ́. Matilda McCrear ni orúkọ tó padà ń jẹ́. Ó ní ilà lójú, wọ́n sì ní bí wọ́n ti ń dirun nílé ló ń dirun rẹ̀ títí tó fi dàgbà. Ní 1931, tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ó gba ọ̀nà eléruku máìlì 15 lọ sílé ẹjọ́ ní Selma, ó ní kí wọ́n san owó ẹ̀tọ́ òun fún ẹrú tí wọ́n kó òun ṣe. Adájọ́ dá a padà lọ́wọ́ òfo. 1940 ló kú. Ìyá tó bí bàbá mi ti tó ọmọge nígbà yẹn.

Ẹ ní ọmọ ẹni tó tajà. Ta ló sọ fún yín pé ẹni tó tà nìkan ló bí wa? Àwọn tí wọ́n kó, ẹbí wọn tó kù sílé, ṣé wọn ò bímọ ni? Mélòó nínú wa ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìdílé òun ò pàdánù ẹnikẹ́ni nígbà ogun Yorùbá?

Ọmọ_Badagry

Àǹtí Àdùkẹ́, ọ̀rọ̀ Àbàkẹ́ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ibẹ̀ yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n n kò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ mi pátápátá. Ẹ wo ilé: June 12 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ yìí, ọlidé ni, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ wo ni ìjọba Nàìjíríà yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n kó gba etíkun wa lọ? Kò sí. Amẹ́ríkà pẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ti ṣe nǹkan kan. Àwa ń gba owó ìwọlé ní Badagry.

Alábòójútó

Mo ti pa èsì méjì rẹ́, níbi tí wọ́n ti ń bú àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ òde òní nítorí ohun tí ọba Dàhọ̀mì ṣe láyé ìjelòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sórí yunifásítì.

Sísí_DC

Ẹ jẹ́ kí n gba ti yunifásítì yẹn wọlé, torí òun gan-an ló yẹ ká bi.

Nílùú yìí la ti ní Georgetown. Ní 1838, àwọn àlùfáà Jesuit tó ń darí ibẹ̀ ta èèyàn 272 fáwọn olóko ní Louisiana, 115,000 dọ́là ni wọ́n ta gbogbo wọn, apá kan nínú owó tó kọ́kọ́ wọlé sì lọ sórí gbèsè ilé ẹ̀kọ́. Ìwé ìtajà náà wà títí dòní. Orúkọ tó ṣíwájú ni Isaac, ẹni ọdún 65, lẹ́yìn náà ni tàwọn ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ẹni ọdún 65! Lọ́jọ́ orí yẹn, wọ́n ní kó tún lọ bẹ̀rẹ̀ oko tuntun ní Louisiana. Láti 2017 ni ilé tó ń jẹ́ orúkọ Mulledy, àlùfáà tó ṣètò òwò náà, ti di Isaac Hawkins Hall.

Ohun tó wú mi lórí jù ni tàwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 2019 wọ́n dìbò pé kí wọ́n máa yọ dọ́là 27 àti sẹ́ǹtì 20 lápò olúkúlùkù àwọn ní sáà kọ̀ọ̀kan fáwọn àtọmọdọ́mọ àwọn 272 yẹn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò ló gbà á. Àwọn aláṣẹ ò gba ètò yẹn bó ṣe wà. Wọ́n ní àwọn á máa wá nǹkan bí 400,000 dọ́là lọ́dọọdún lọ́nà mìíràn. Mo mọ̀ pé kò tó. Àmọ́ ẹ fi wé ìwé tí wọ́n kọ sí Àjàní: orúkọ ẹnì kan wà níbẹ̀ bí? Iye kan wà níbẹ̀ bí?

KòSíÌyọnu

Ó dáa, mo ti jí. Harvard náà gbé ìwádìí tirẹ̀ jáde nínú oṣù Igbe tó kọjá: àwọn aláṣẹ, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lẹ́rú tó lé ní 70 láyé àtijọ́. Wọ́n ní àwọn ya 100 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́. Owó ìpamọ́ wọn lé ní bílíọ̀nù 50. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ sùn: ilé ẹ̀kọ́ ńlá ò ní gé ẹran ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọlidé yìí, wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ni, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ẹ̀gbọ́n_Glasgow

Àbúrò, ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ má sọ ọ́ délẹ̀. Ní 2018, yunifásítì Glasgow jẹ́wọ́ nínú ìwádìí tiwọn pé àwọn jẹ nínú owó ẹrú: wọ́n ní tá a bá fi sí iye òde òní, ó wà láàárín £16.7 mílíọ̀nù sí £198 mílíọ̀nù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú University of the West Indies pé àwọn á kó £20 mílíọ̀nù sílẹ̀ láàárín ogún ọdún fún iṣẹ́ ìwádìí. Ìjọba ò fipá mú wọn o.

£20 mílíọ̀nù yẹn ló wá ń rìn mí nínú. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ní 1833 láti fòpin sí ẹrú, £20 mílíọ̀nù gan-an ni wọ́n yà sọ́tọ̀, ẹ ò sì ní gbà gbọ́: àwọn olówó ẹrú ni wọ́n san án fún, pé wọ́n pàdánù dúkìá. Ẹrú ò rí kọ́bọ̀. Ọdún 186 lẹ́yìn náà, iye orí ìwé kan náà ni Glasgow ṣèlérí, bẹ́ẹ̀ pọ́n-ùn 1833 àti ti 2019, àjànàkú àti èkúté ni.

Ará_Bàhíà

Mo kí yín láti Salvador, ní Brazil. Ẹ̀yin ń jà lórí ọlidé tí wọ́n fún yín. Níbí, wọ́n fún àwọn adúláwọ̀ ní ọjọ́ kan, púpọ̀ nínú wọn kọ̀ ọ́. 13 Ẹ̀bìbì 1888 ni ọmọba obìnrin Isabel buwọ́ lu òfin tó fòpin sí ẹrú ní Brazil, gbólóhùn méjì péré. Kò sí ilẹ̀, kò sí owó, kò sí ilé ẹ̀kọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn ẹgbẹ́ adúláwọ̀ fi yan 20 oṣù kọkànlá dípò rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n pa Zumbi, olórí Palmares, ibùdó táwọn ẹrú tó sá tẹ̀ dó, ní 1695. Wọ́n ní ẹni tó jà fún òmìnira làwọn ń rántí, kì í ṣe ẹni tó buwọ́ lùwé.

Ní ti yunifásítì, ohun tó yí nǹkan padà níbí ni òfin 2012, tó ní kí àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ya ìdajì àyè wọn sọ́tọ̀ fáwọn tó jáde níléèwé ìjọba, kí adúláwọ̀ àti ọmọ onílẹ̀ sì ní ìpín tiwọn níbẹ̀. Ẹ wọ kíláàsì lónìí, ẹ ó rí i lójú àwọn tó jókòó.

ÌyáÌbejì_Houston

Ẹ ti dé Glasgow, ẹ ti dé Brazil, ẹ ṣeun. Ọmọ yìí ń bi yín nípa ọjọ́ Ajé.

Àjàní, má jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹ pé ìjọba ló fini lọ́jọ́ yìí. Ìyá kan wà ní Fort Worth, Opal Lee, ẹni ọdún 95. Ní 19 Okúdù 1939, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12, àwọn aláwọ̀ funfun ya bo ilé táwọn òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n sì dáná sun ẹrù wọn. 19 Okúdù kan náà! Ní 2016, lẹ́ni ọdún 89, ó gbéra ní Fort Worth pé òun ń fẹsẹ̀ rìn lọ Washington. Ní ìlú tó bá dúró sí, máìlì méjì ààbọ̀ ló ń rìn, nítorí ọdún méjì ààbọ̀ tí Texas fi jẹ wọ́n níyà sí i. Ọdún tó kọjá, ìṣojú rẹ̀ ni Biden ṣe buwọ́ lù ú. Torí náà mi ò ní sọ pé kó o sùn. Mi ò sì ní sọ pé kó o ṣe bí ẹni tó ni ọ̀fọ̀ ju olọ́fọ̀ lọ. Wá ẹni tó ni ín, kó o béèrè ohun tó fẹ́.

Àjàní_Ohio · Ìṣẹ́gun, 21 Okúdù

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ Ẹtì ni yunifásítì ṣe ayẹyẹ tiwọn: orin, oúnjẹ, ààrẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kò burú. Lánàá, láàbù ni mo wà, torí sẹ́ẹ̀lì tí mo ń sìn ò mọ ọlidé. Ìyá náà dé bó ṣe máa ń dé. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ amúlétutù ilé náà nítorí ọlidé, òógùn bò ó. Ó ní inú òun dùn pé wọ́n fọwọ́ sí ọjọ́ náà, bàbá òun ì bá ti yọ̀ ká ní ó wà láyé. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí gíríìlì tó wà lẹ́nu fèrèsé, ó ní, "Àmọ́ wọ́n lè fi atẹ́gùn sílẹ̀ fún wa."

Èmi àtàwọn kan ń kọ lẹ́tà sáwọn aláṣẹ pé ọjọ́ tílé ẹ̀kọ́ bá ti ìlẹ̀kùn, kí owó àwọn agbálẹ̀ wọlé. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní.

Sísí_DC

Kíkọ lẹ́tà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ jẹ́ káwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ wọn ti fìdí múlẹ̀ fọwọ́ sí i lókè, kí tìrẹ wà nísàlẹ̀. Má dárúkọ ìyá náà, má dárúkọ ilé tó ń gbá, torí agbaṣẹ́ṣe lè fi ṣe é níkà. Ẹ má sì kọ ọ́ sí agbaṣẹ́ṣe. Yunifásítì ló kọ àdéhùn, òun ló lè fi í sínú àdéhùn pé kí wọ́n sanwó ọjọ́ ìsinmi. Ẹ wádìí oṣù tí àdéhùn yẹn ń parí. Kẹ́ ẹ sì tó fi ránṣẹ́, ẹ bi àwọn agbálẹ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń fẹ́ nìyẹn.

Ọmọ_Badagry

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kókó.

Àjàní_Ohio

Mo ti bi wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó sì yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní tí Juneteenth dáa, àmọ́ ọ̀sẹ̀ Kérésì ló ń pa àwọn. Ìgbà yẹn yunifásítì máa ń ti gbogbo ilé pa títí ọdún tuntun fi wọlé, iṣẹ́ ò sí, owó ò sí, owó ilé sì ń dúró de wọn lọ́jọ́ kìíní oṣù. Ọjọ́ kan nínú Okúdù, wọ́n lè fara dà á.

ÌyáÌbejì_Houston

Ẹ tún lẹ́tà náà kọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi Kérésì ṣáájú.